Má Kúnlẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹṣin

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ fífi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹṣin, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú, ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yìn èèyàn ti tán ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

Kò tán. Ẹ̀yìn èèyàn pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ń ro àwọn tó ni wọ́n. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan, nínú yàrá tí wọ́n ti ń na apá àti ẹsẹ̀ àwọn tí ara wọn ti le. Èmi ni mo máa ń gbé aṣọ ìnura gbígbóná lé àwọn ìyá àgbà lẹ́yìn. Èmi náà ni mo máa ń tẹ èjìká àwọn pásítọ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹrí ba sórí ìwé. Mo mọ iṣẹ́ náà, kì í ṣe pé mò ń fi ara mi ṣe fáàrí. Ẹnu àwọn aláìsàn ló sú mi. Bí mo bá fọwọ́ kan ọrùn ẹnì kan báyìí, ó di ìgbà wo ni màá lọ́kọ. Bí mo bá tẹ ìbàdí, wọ́n á rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan tó wà ní Ìbàdàn, ọmọ dáadáa, kì í mutí, kò kàn tíì rí ẹni tó yẹ ẹ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mò ń jẹun lọ́wọ́, fídíò kan yọ lórí fóònù mi. Obìnrin òyìnbó kan ló dúró nínú òtútù, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ẹṣin kan. Ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹṣin náà di ojú, ó rẹ orí sílẹ̀, ó la ẹnu gbàù bí ẹni tí oorun ń kùn. Kò bi obìnrin náà ní ìbéèrè kankan. Mo wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ̀bà mi tó tutù. Mo ní, "Iṣẹ́ mi nìyí."

Obìnrin yẹn ló ń kọ́ni. Orí fóònù ni kọ́ọ̀sì náà wà: a ó kàwé, a ó dáhùn ìbéèrè, a ó sì wá ẹṣin láti fi dánra wò níbi tí kálukú bá wà. Ní ìparí, akẹ́kọ̀ọ́ á ya fídíò ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin tí ẹ̀yìn ń ro, wákàtí kan gbáko, kò gbọ́dọ̀ gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀méjì péré lèèyàn lè ṣe ìdánwò yẹn. Tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ó parí.

Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì tún jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa, kì í jiyàn lásán. Ó kọ lẹ́tà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń wá akọ̀wé sí ọ́fíìsì, bàbá mi sì fi orúkọ mi kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀, ó ku kí n buwọ́ lù ú nìkan. Ó ká a sápò àyà rẹ̀. Ó ní, "Tí o bá yege ìdánwò rẹ kí Àjíǹde tó kọjá, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí o kò bá yege, wàá buwọ́ lu ìwé yìí." Mo gbà. Láti ọjọ́ náà, aṣọ yòówù kí ó wọ̀, lẹ́tà yẹn á wà lápò àyà rẹ̀. Bí ó bá wúkọ́, mo máa ń gbọ́ bí ìwé náà ṣe ń dún.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ orúnkún níbí, torí òun ló fẹ́ bá ayé mi jẹ́. Nílé wa, orúnkún lèèyàn fi ń jẹ́ ọmọ. Bí àwọn bàbá mìíràn ṣe ń wo èékánná àwọn ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni tiwa ń wo orúnkún. Tí erùpẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ tí a bá ti ìta dé, á jẹ́ pé a kò kí ẹnikẹ́ni nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo kí bàbá aránṣọ kan ní ìdúró nítorí pé mò ń sáré. Bàbá mi gbọ́. Ó fà mí lọ́wọ́ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. A bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Bàbá mi ní kò burú, kí n kúnlẹ̀ náà. Mo kúnlẹ̀ fún àgádágodo, mo ní, "Ẹ káàsán, sà." Àwọn tó ń kọjá dá mi lóhùn.

Bí orúnkún mi ṣe di ohun tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi mọ́ nìyẹn. Tí àgbàlagbà bá yọ, ó ti dé ilẹ̀ kí n tó rò ó.

Òfin méjìlá ni kọ́ọ̀sì òyìnbó yẹn ní. Ẹ wo èyí àkọ́kọ́: Má kúnlẹ̀, má sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin. Tí o bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, lóṣòó, kí o lè tètè sá. Mo kà á, mo ní ìyẹn rọrùn.

Sábó ni mo ti lọ wá ẹṣin. Kò sí ẹṣin iwájú tí tèmi ì bá wò sáré. Mi ò mọ ẹnì kan tó ti ṣe irú ẹ̀ ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà mo kàn ń béèrè lọ́wọ́ àwọn alálùbọ́sà títí wọ́n fi júwe Bàbá Ẹlẹ́ṣin fún mi. Sábó ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló kó ẹṣin wá láti òkè Ọya, òun náà sì jogún iṣẹ́ náà. Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Ó ní ẹṣin méjì tí àwọn ọkọ ìyàwó máa ń gùn ya fọ́tò. Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí mo wá ṣe, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí garawa.

Ó ní, "Wàláì, àwa náà ń ra ẹ̀yìn ẹṣin. Ìgbọ̀nwọ́ la fi ń rà á, pẹ̀lú òrí. Ṣùgbọ́n a ò mọ̀ pé kọ́ọ̀sì ni."

Ó gbà mí. Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí n kàn dúró ti ẹṣin kí ó mọ òórùn mi. Mo dúró. Ẹṣin náà mọ òórùn mi, ó sì jẹ́ kí èmi náà mọ tirẹ̀: ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó só sí mi lójú, ó sì yíjú padà wá wò mí bóyá ó wọlé. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ní, "Ó ti gbà ọ́." Ojú ewé ogójì ni òyìnbó fi kọ́ wa bí a ṣe ń mọ̀ tí ẹṣin bá gbani. Kò sọ èyí síbẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ẹṣin Bàbá Ẹlẹ́ṣin kò ní ìrora kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀yìn ń ro. Ṣùgbọ́n ó máa ń lọ sí Ọ̀yọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti lọ gé pátákò àwọn ẹṣin Àlàájì kan, àgbàlagbà oníkòkó tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Ó ní ẹṣin funfun ńlá kan wà níbẹ̀ tí yóò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ nìyẹn, èmi àti òun, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń fá pátákò nínú àpò ìrẹsì.

Ẹṣin funfun yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè. Ẹni tí kò gun ohun tó ju ọ̀kadà lọ rí, ní ọjọ́ tó bá jẹ oyè, dandan ni kó gun ẹṣin. Wọ́n á gbé e lé e lórí pẹ̀lú agbádá mẹ́ta. Yóò jókòó bí àpò sìmẹ́ǹtì, yóò máa fa ìjánu bí ẹni ń fami lékàǹga, yóò sì máa juwọ́. Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í tètè bọ̀. Ẹ̀yìn ẹṣin náà, níbi tí gàárì máa ń pin sí, le bí pákó. Bí mo bá fi ìka kan kàn án níbẹ̀, gbogbo awọ ara rẹ̀ á gbọ̀n, etí rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́rí.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà ni mo fi ń bá a ṣe é. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo kọ́kọ́ ń lò, kí n tó wá fi ìka. Mo kọ́ láti má ṣe gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ibi tó le bá ti fẹ́ tú, ẹṣin á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì, lẹ́yìn náà yóò mí kanlẹ̀. Ẹni tó bá mú ọwọ́ kúrò kí èémí yẹn tó jáde ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó mí èémí yẹn sábẹ́ ọwọ́ mi, mo sunkún. Bàbá Ẹlẹ́ṣin ní eruku ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ dé. Mo so fóònù mọ́ igi fèrèsé ilé ẹṣin. Òfin sọ pé ṣòkòtò ni kí a wọ̀. Mo wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo wọ síkẹ́ẹ̀tì gígùn lé e lórí nítorí pé ọmọ díákónì ni mí, mo sì ní láti gba àárín Akẹ̀sán kọjá. Bàbá Ẹlẹ́ṣin di okùn ẹṣin mú níwájú. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Mo ti dé apá ẹ̀yìn, ọwọ́ mi wà ní itan ẹṣin, nígbà tí Àlàájì ti mọ́ṣáláṣí dé, tó sì yọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Orúnkún mi ti wà nílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú àbọ̀, sà."

Ẹṣin náà sún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, ó sì gbé e lé etí síkẹ́ẹ̀tì mi, ṣinṣin.

Àlàájì ní, "Dìde, ọmọ mi."

Mo fa síkẹ́ẹ̀tì. Kò mira. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

"Mo ní kí o dìde."

"Ẹ ṣé gan-an ni, sà."

Inú àgbàlagbà náà wá dùn débi pé ojú rẹ̀ tàn. Ó kígbe sínú ilé, "Ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n tọ́! Láyé tá a wà yìí!" Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì jáde. Mo ní láti kí àwọn náà láti ibi tí mo wà. Ìyálé bẹ̀rẹ̀ sí ṣàdúrà fún àwọn tó bí mi, ó ń gbà á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn tó kù ń ṣe àmín. Bàbá Ẹlẹ́ṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò rí nǹkan kan, òun náà ń ṣe àmín. Nígbà tí àdúrà dé orí ọkọ rere, ẹṣin gbé ìrù sókè, ó sì da igbẹ́ sílẹ̀ gbàràdà ní ẹ̀gbẹ́ etí mi. Mo ní, "Àmín." Kí ni kí n tún sọ?

Òyìnbó kò pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní ọwọ́ mi dára. Ó ní ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin, nígbà tí àwọn arúgbó mẹ́ta dúró tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé kí ló dé. Ó ní mo kùnà.

Mo kọ èsì padà, ojú ewé kan àti ààbọ̀. Mo ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ilé, mo ṣàlàyé àgbà, mo tiẹ̀ dárúkọ àgádágodo. Ìlà kan péré ló fi dá mi lóhùn: "Ẹṣin kò mọ ẹni tó dàgbà." Inú bí mi fún ọjọ́ méjì, nítorí pé òótọ́ ni.

Bàbá mi ńkọ́? Nígbà tí mo sọ fún un, ó béèrè pé, "Ìṣẹ́jú mélòó lo sọ pé o fi kúnlẹ̀?" Mo ní mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó sọ ọ́ níwájú ìpàdé àwọn díákónì bí ẹni ń jẹ́rìí. Ìkùnà mi di ẹ̀rí. Àwọn èèyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí a ṣe délé, ó fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀, ó ní, "Àjíǹde kò jìnnà mọ́ o." Ẹ̀rù bà mí. Mo rí ara mi lẹ́yìn tábìlì kan, tí mò ń lu òǹtẹ̀ mọ́wèé títí orí mi yóò fi funfun.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin ló ronú ọ̀nà àbáyọ. Ó ní, "Ìwọ ọmọ díákónì, tí ẹni tó ru igi bá pàdé àgbà lọ́nà, ṣé ó máa ń kúnlẹ̀?"

Mo ní rárá, á ní ẹrù ń bẹ lórí òun ni.

"Àgbà náà máa ń bínú bí?"

"Rárá, sà."

"Tóò. Ẹ̀yìn ẹṣin lẹrù rẹ. Àbí o fẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Kò wọ orúnkún mi. Ó ní kò burú, a ó kọ́ orúnkún náà lẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀. Ó lọ bá Àlàájì, ó lọ bá àwọn ìyá tí wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ ìrànwú àti okùn létí ọjà, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá jẹ́ kí n rí wọn fín. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, bí mo bá ti gbé ọwọ́ lé ẹṣin, àgbàlagbà kan á wọlé, á kí mi, èmi náà á sì dúró bí òpó, màá ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ má bínú, ẹrù ń bẹ lọ́wọ́ mi." Èyí tó jáde á fi àyè gba èyí tó tẹ̀ lé e. Inú àwọn ìyá náà dùn sí i. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n á ti rí ọmọ bú. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá olókùn, gbàgbé pé ìdánrawò ni. Mo kí i ní ìdúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kíni nílé ìyá ẹ nìyẹn?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lulẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́ṣin pariwo, "Ẹrù!" Mo dúró. Lẹ́yìn náà ni ìyá yẹn rántí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní àkàrà. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé ó ti dùn ún díẹ̀ kí ó tó rántí.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni mo mú fún ìdánwò kejì. Òpin ọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mò ń kó ẹrù mi láàárọ̀, bàbá mi jáde nínú yàrá pẹ̀lú fìlà lórí. Ó ní òun ń bá mi lọ. Mo ní, "Bàámi, ṣebí ẹ ní iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí?" Ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀, tó bá hàn pé mo kùnà, kí n lè buwọ́ lu ìwé náà lójú ẹsẹ̀, kí a fi í ránṣẹ́ kí ọ́fíìsì tó tì. Ó ní òun mú bíìrò dání. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ yẹn ló dùn mí.

Nínú ọkọ̀, òun àti Bàbá Ẹlẹ́ṣin sọ̀rọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ ìbàdí ni. Ti bàbá mi ń dùn ún láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí, nítorí pé bàbá kì í dojú bolẹ̀ níwájú ọmọ. A fi í sílẹ̀ lórí àga lọ́dọ̀ Àlàájì, èmi àti Bàbá Ẹlẹ́ṣin sì wọ ilé ẹṣin lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò wọ síkẹ́ẹ̀tì.

Mo ṣe ọrùn. Mo ṣe èjìká. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn. Atẹ́gùn òjò ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi tí gàárì ti ń pa á lára. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró. Ẹṣin náà dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ku díẹ̀.

Bàbá mi yọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí. Kò ní "ẹrù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ." Kò mọ̀ nípa ẹrù. Ó ń dúró de ohun tí mo ti ń ṣe fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Orúnkún mi méjèèjì ti ń wá ilẹ̀, mo sì rò ó pé tí mo bá kúnlẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, màá buwọ́ lu lẹ́tà, ó parí. Mi ò kúnlẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ má bínú, ẹrù ń bẹ lọ́wọ́ mi."

Mi ò rí i kí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rí.

Àfi bí atẹ́gùn ṣe gbá aṣọ ìnura tí mo fi ń nu òógùn kúrò lórí igi fèrèsé. Ó jábọ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin, ó sì ń fẹ́ bí ohun tó ní ẹ̀mí. Etí ẹṣin lẹ̀ mọ́rí. Ara rẹ̀ le padà sábẹ́ ọwọ́ mi. Bàbá Ẹlẹ́ṣin kò lè fi okùn sílẹ̀. Èmi kò lè mú ọwọ́ kúrò. Mo wá ṣe ohun tí ọmọ kankan kò ṣe nílé wa rí: mo rán bàbá mi níṣẹ́ ní ìdúró.

Mo ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú aṣọ yẹn."

Ó wo aṣọ náà. Ó wo ẹṣin. Ó rọra wọlé, ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kò gbà. Ó fi orúnkún kan sílẹ̀. Ó fi ìkejì sí i. Ó yẹ kí n kígbe pé ẹ má kúnlẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ wíwò ni mò ń wò ó, nítorí pé iwájú pẹpẹ nìkan ni mo ti ń rí orúnkún bàbá mi nílẹ̀. Ó fa aṣọ náà mọ́ra, ó ká a, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi láti ilẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan gbà á.

Ẹṣin náà mí kanlẹ̀. Ó rẹ orí sílẹ̀, ó la ẹnu gbàù.

Bàbá mi dìde pẹ̀lú ògiri, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó jáde. Títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò mú lẹ́tà náà jáde. Ó ní èsì ni òun ń dúró dè.

Èsì dé ní ọjọ́ Àjíǹde gan-an, lẹ́yìn ìsìn. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, kò tíì bọ́ kóòtù. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, torí pé kò sí ẹṣin níbẹ̀, mo sì kà á fún un láti òkè délẹ̀.

Òyìnbó ní mo yege. Ó ní wọ́n á fi sàtífíkéètì ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní: "Ṣùgbọ́n ta ni bàbá àgbà tó wọlé nígbà tí iṣẹ́ ti dé ààbọ̀? Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin. Tí ó bá jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ ni, kọ́ ọ ní òfin kí ó tó tún wọ ilé ẹṣin."

Mo ń retí kí ó bínú. Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú. Ó ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ lẹ́tà náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ó yí i padà sí ẹ̀yìn, níbi tí kò sí àkọsílẹ̀ kankan, ó yọ bíìrò.

"Òfin àkọ́kọ́ yẹn," ó ní, "báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́?"

Mo ní, "Má kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, sà."

Ó kọ ọ́, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

"Ìkejì ńkọ́?"

Ó ní kí n máa pè é díẹ̀díẹ̀, kí òun má baà fo ìkankan, nítorí pé Ọjọ́bọ̀ kò jìnnà mọ́.